Ère ni, kì í ṣe ọ̀wọ̀n: èsì lórí “ọ̀wọ̀n-ajìjàgbara”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ ní ká máa pe ère Gàní Fawẹ́hìnmi àti ti M.K.O. Abíọ́lá tó wà l'Ọ́jọ́ta nílùú Èkó ní “ọ̀wọ̀n-ajìjàgbara”, torí pé ère ń rán àwọn onígbàgbọ́ létí òrìṣà. N kò fara mọ́ ọn rárá.

Ọ̀wọ̀n kò lójú, kò nímú. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn wà ní Ifẹ̀ láti ayébáyé, kò sẹ́ni tó pè é ní ère, òkúta gbọọrọ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí Ambode, Gómìnà Èkó nígbà náà, ṣí lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2018, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 46, Abíọ́lá ni ojú ń rí níbẹ̀. Inú Bíbélì àwọn onígbàgbọ́ yìí náà ni aya Lọ́ọ̀tì ti di ọ̀wọ̀n iyọ̀. Ṣé ìyẹn ló yẹ ẹni tó kú sí àtìmọ́lé nítorí ìbò 1993?

Ẹni tó sì ní igi nìkan ni ère, kó lọ wo Ère Ẹ̀sìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara. Òkúta ni wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ “èrè ìrántí”, ẹ jọ̀ọ́, ohùn ìsàlẹ̀ kejì yẹn ti sọ ọ́ di èrè orí ọjà!

“Ara” tó wà ní ìdí “ajìjàgbara” ló dùn mí jù. Ẹni tó ń jà kó lè gba ara rẹ̀ lóko ẹrú là ń pè bẹ́ẹ̀. Ara ta ni Gàní ń gbà? Amòfin ni, ì bá jókòó máa jẹun rẹ̀. Ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù ló torí rẹ̀ wẹ̀wọ̀n léraléra. Nígbà tí ìjọba gbé owó epo láti náírà 65 dé 141 ní oṣù Kìíní ọdún 2012, ọgbà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ l'Ọ́jọ́ta làwọn èèyàn ti lọ pàgọ́ ìjà. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni. A-jà-fún-ẹ̀tọ́. “Ère Ajàfẹ́tọ̀ọ́” ni tèmi.

Bàbá tó kọ́ wa ní gírámà, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, kì í jẹ́ ká so ọ̀rọ̀ kan mọ́ èkejì láìtú u wò. Irú wọn ti wọ́n.

Ó ku orúkọ tí a ó máa pe ẹni tó ń ṣe ère. Igi wà nínú “agbẹ́gilére”, kò bá ti Ọ̀jọ́ta mu. “Ayére” ni mo fara mọ́, a-yá-ère, bí “ra ẹja” ṣe ń di “rẹja”. Ẹni tó bá ní “ayáre” ni, kó mú àpẹẹrẹ tirẹ̀ wá.