Ìdáhùn: «Ìdìmú» ṣísẹ́lì kẹ̀? Èèkù ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlú Ọba,

Ẹ kú ọjà o. Ẹ ní ẹ ra ṣísẹ́lì, irin ẹlẹ́nu mímú tí kafíńtà fi ń gbẹ́gi, ogbólógbòó mẹ́fà tí wọ́n rọ ní Sheffield, pé igi ẹ̀yìn wọn ti jẹrà dànù, kí a wá máa pe igi tuntun tí ẹ fẹ́ fi sí i ní «ìdìmú». Ẹ kò fi àmì ohùn sí i. Mo ti rò pé dánfó lẹ fẹ́ wọ̀ lọ sí Ìdímù ní Èkó.

Ẹ ní «ìgbálẹ̀» lẹ wò kí ẹ tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó dáa. Ìgbálẹ̀ ló ń gbálẹ̀. Ṣé igi yẹn ló ń di nǹkan mú ni, àbí àwa là ń dì í mú? Bí ì- yìí bá máa ṣiṣẹ́ tó ṣe nínú ìgbálẹ̀, fáìsì tí kafíńtà fi ń há igi ló ń jẹ́ ìdìmú. À- ló yẹ ní tiyín: àdìmú, bí àlòkù. Àní kí la tiẹ̀ ń ṣẹ̀dá sí, nígbà tí èèkù ti wà nílẹ̀, tí gbogbo wa sì mọ òwe «bí ọwọ́ ẹni ò bá tí ì tẹ èèkù idà»?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó fèsì pé «eru» ni, ẹrú ni àbí ẹrù? Ẹ̀rú, igi tí a fi ń di ọkọ́ mú, ló ń wí. Òun náà kò jẹ̀bi tán. Ìrù irin tó ní igun mẹ́rin ló wọnú igi ọ̀pọ̀ ṣísẹ́lì Sheffield, bíi ti ọ̀bẹ: èèkù. Ṣùgbọ́n ṣísẹ́lì Stanley 750 ti Amẹ́ríkà kò ní ìrù. Ihò bí ẹnu àrọ ló ní, igi la ó gbẹ́ ṣóńṣó tì bọ̀ ọ́, bí irin ọkọ́ ṣe ń gbé igi mì: ẹ̀rú.

Àáké ìbílẹ̀ nìkan ló ń dà mí láàmú. Irin rẹ̀ ló wọnú kókó igi, síbẹ̀ ẹ̀rú àáké ni bàbá mi àgbà ń pè é títí ó fi kú. Ẹ má sì wí fún mi pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá yín. Alágbẹ̀dẹ ni tèmi, òun ló ń rọ irin tí tiyín fi ń gbẹ́gi.

Òrùka idẹ tí kì í jẹ́ kí igi là, ẹni tó ní «ìdè» ni ká pè é, mò ń bọ̀ wá bá a.

Ṣé igi ash lẹ fẹ́ lò ni àbí beech? Ẹ kò sọ.