Ewúrẹ́ mẹ́rin kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gún ìyókù?

Ọmọ Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ewúrẹ́ 21 la ní nílé: ti ìyá mi, tèmi, ti àbúrò bàbá mi, àti méjì tí mò ń bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sìn. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn tó ń fún ẹran lábẹ́rẹ́ kata, àrùn tó ń pa ewúrẹ́, wá. Wọ́n gún 15. Mẹ́fà ti jẹ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, abo kan dùbúlẹ̀. Ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, ipin lẹ ojú rẹ̀ pọ̀, ó ń ṣu gbuuru débi tí ìrù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó yípo, mẹ́rin ti lọ.

Àbúrò bàbá mi ní abẹ́rẹ́ ló pa wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má tún gbé sìrínjì wọ agboolé òun. Àwọn abánigún sì ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọn kò tíì gún lóyún. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Eléwúrẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olódùmarè á fi òmíràn rọ́pò. Kí n tó sọ nǹkan kan: ṣé ẹ ra ẹran wọlé láìpẹ́ yìí?

Ọmọ Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn:
Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òbúkọ kan tí àbúrò bàbá mi rà lọ́jà, lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú abẹ́rẹ́. Ó ń wúkọ́ díẹ̀. Wọ́n ní eruku mọ́tò ni.

Ìyá Eléwúrẹ́:
Eruku mọ́tò kẹ̀! Èmi náà ti gbọ́ eruku yẹn rí. Ẹran méje ló ná mi. Láti ìgbà yẹn, ẹran ọjà tó bá wọ ilé mi, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń so ó mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi tirẹ̀ lọ́tọ̀, oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fi òbúkọ sẹ́wọ̀n.

Dókítà Ẹran:
Àbúrò, ìbéèrè kan péré: ṣé gbogbo mẹ́rin tó kú ni wọ́n gún?

Ọmọ Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ìyá mi ni, ọ̀gá. Mẹ́ta ni wọ́n gún. Ìkẹrin, abo dúdú elétí funfun, wà lára àwọn tó jẹ lọ. Abẹ́rẹ́ ò kàn án rárá.

Dókítà Ẹran:
Ẹ lọ sọ èyí fún àbúrò bàbá yín, ẹ sì rọra sọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Kata, tí àwa ń pè ní PPR, máa ń wà lára ẹran fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó fojú hàn. Àjẹsára náà sì máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó múlẹ̀ lára. Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n gún wọn, òbúkọ yín ti bá wọn jẹun, ó ti bá wọn mumi. Àrùn ló kọ́kọ́ dé, abẹ́rẹ́ bá a nílé. Àwọn tó wá gún wọn ló yẹ kó bèèrè ohun tí Ìyá Eléwúrẹ́ bèèrè yìí, kí wọ́n sì yẹ òbúkọ náà wò. Mi ò ní gbè wọ́n níbẹ̀.

Àjẹsára yìí kì í ṣe nǹkan àjèjì. Ní Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é lára ewúrẹ́, lọ́dún 1975. Nigeria 75/1 lorúkọ rẹ̀ títí dòní, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ń lò ó. Iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Ẹran tó bá gbà á dáadáa, ó kéré tán ọdún mẹ́ta ni kata kò ní lè mú un.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún àwọn tí ara wọn yá. Aboyún lè gbà á. Dídì í mú tipátipá àti jíjù ú sílẹ̀ ló lè ba oyún jẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀ ná, wàrà ìyá rẹ̀ ṣì ń dáàbò bò ó. Èyí tó bá ń ṣàárẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́:
Òótọ́ ni dókítà sọ, àmọ́ ẹ la ojú yín. Mo ti rí ẹni tó fi ọ̀rá gbé àjẹsára lórí ọ̀kadà nínú oòrùn ọ̀sán. Abẹ́rẹ́ tó ti gbóná kò ní pa ẹran, kò sì ní gbà á lọ́wọ́ kata. Lọ́jọ́bọ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí fíláàsì kí ẹ rí yìnyín nínú rẹ̀. Oògùn inú ìgò gbọ́dọ̀ jẹ́ gbígbẹ, funfun, kí wọ́n tó pò ó. Tí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí díẹ̀ ló ní, torí náà ẹ so ẹran mọ́lẹ̀ láti àárọ̀. Ìgò kan ju ẹran ilé kan lọ; ẹ kó ara yín jọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù kiri àdúgbò títí á fi bàjẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kan gún gbogbo agbo.

Aládìyẹ:
Ẹ dárí jì mí, ti adìyẹ ni mo mọ̀. Ṣé wọ́n lè bá wa mú ti lúkúlúkú dání? Èyí tí wọ́n ń kán sójú yẹn.

Dókítà Ẹran:
Ẹ ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú ọjọ́bọ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kó kiri lásán.

Ìyá Eléwúrẹ́:
Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn, kí lẹ ṣe sí àwọn tó kú?

Ọmọ Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn:
A sin méjì. Méjì tó kù, kí n má parọ́, wọ́n dú wọn kí wọ́n tó kú, alápatà sì rà wọ́n.

Dókítà Ẹran:
Kata kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹran tó ń ṣàìsàn kò yẹ ní pípa jẹ, ẹ ò sì mọ ẹni tí alápatà náà da omi ìfun rẹ̀ sí lẹ́bàá ilé. Ẹ sin gbogbo rẹ̀ tó bá tún ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn:
Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Mo ti bá àbúrò bàbá mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo dé orí abo dúdú yẹn, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ó ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì, a jọ lọ wo òbúkọ náà. Kò wúkọ́ mọ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń jẹ èèpo iṣu. Ó ní òun ni yóò di ìwo rẹ̀ mú lọ́jọ́bọ̀ tí wọ́n bá tún fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.