Ẹsẹ̀ Italian Greyhound ló ń kọ mí lóminú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá níbí ní ìlú Òyìnbó. Italian Greyhound ni ìyàwó mi fẹ́, kò gbọ́ tòmíràn. Ajá àwọn ọlọ́lá ni látijọ́. Frederick Kejì, ọba Prussia, fẹ́ràn tirẹ̀ débi pé ó ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ajá òun ni kí wọ́n sin òun sí, ní Sanssouci, ààfin rẹ̀ ní Potsdam, ní ilẹ̀ Germany òde òní. Nígbà tó kú ní 1786, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ọdún 1991 ni wọ́n tó ṣe ìfẹ́ rẹ̀. Ọba mà lèyí o!

Kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 38 lọ ní èjìká, kò sì wúwo ju nǹkan bíi kílò 5. Àyà rẹ̀ jìn, ikùn rẹ̀ wọnú, irun rẹ̀ fẹ́lẹ́, òtútù sì máa ń tètè mú un. Ojú ló fi ń ṣọdẹ: bó bá ti rí ọ̀kẹ́rẹ́, ó ti lọ nìyẹn.

Eegun ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní bó bá fò láti orí àga, ó lè kán, pàápàá nígbà tó ṣì kéré. Ọmọkùnrin wa ò sì mọ ìjókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní in, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Àbí kí n rọ ìyàwó mi pé ká mú Whippet, ajá àwọn awakùsà àríwá England, tó tóbi jù ú lọ?