Ìdáhùn sí "àwòdì": ohun tí òdì jẹ́ nídìí sikáánà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ kú ìjíròrò o.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Houston fi ọ̀rọ̀ tuntun méjì ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní kí nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí fọ́tò ayé àtijọ́ ti ara rẹ̀ jáde, tí ohun dúdú ń funfun lórí rẹ̀ tí funfun sì ń dúdú, máa jẹ́ àwòdì. Wọ́n ní kí sikáánà pẹlẹbẹ, ẹ̀rọ tí a ń to fíìmù náà sí kó lè di àwòrán inú kọ̀ǹpútà, máa jẹ́ aṣàyẹ̀wò oníbùsùn. Kíá ni ìkíni ti ń wọlé: ẹ kú ọpọlọ, ẹ kú làákàyè. Èmi ò lè bá wọn kí i. Ọ̀rọ̀ àwòdì yìí bí mi nínú, torí pé iṣẹ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún gan-an ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́, iṣẹ́ á dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u bí wọ́n ṣe tú u. À- ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, wò ni ọ̀rọ̀-ìṣe, òdì ni ọ̀rọ̀-orúkọ, ìpajẹ sì wáyé, ìyẹn ni pé fáwẹ̀lì kan bọ́ nù níbi tí méjì ti pàdé. Ó dára títí débẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé ohùn ìsàlẹ̀ orí wò ló dúró sáàárín ọ̀rọ̀ náà. Rárá o. Wò kì í mú ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: a ń wo ilé, a ń wo ọmọ. Fáwẹ̀lì rẹ̀ náà sì ni ìpajẹ gbé lọ. Ohùn tó kù níbẹ̀, ti òdì ni. Òdì ló ru gbogbo ẹrù inú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà òdì ni mo bá wá.

Ti ẹyẹ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwòdì tó ń re Ìbarà tí ẹ̀fúùfù ta nídìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n ti dáhùn ṣáájú pé èdè wa kún fún irú rẹ̀, wọ́n ní ẹ wo ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́. Àpẹẹrẹ yẹn gan-an ló ta kò wọ́n, torí ohùn ló ya àwọn yẹn sọ́tọ̀. Àwòdì tiwọn àti àwòdì tó ń gbé òròmọdìẹ, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ni méjèèjì. Kí ni etí máa fi yà wọ́n?

Ó wá di òdì. Kí ni Yorùbá ń pè ní òdì? Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù lódì, ara inú ẹ̀wù ló kọ síta; dúdú ẹ̀wù náà kò di funfun. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí wà. Òdì wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ojú tó yẹ kó kọ síta àti èyí tí kò yẹ. Kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn.

Ẹ bá mi ká lọ sídìí ẹ̀rọ wàyí. Epson Perfection V700 ni mò ń lò, irú èyí tó jáde ní 2006, tòkunbọ̀ láti Ìkẹjà. Nígbà tó jẹ́ tuntun, owó rẹ̀ kọjá agbára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ní báyìí tí àwọn oníṣẹ́ ńlá ti ń gbé e sílẹ̀, ó ti wálẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ó rí pátákó funfun kan lábẹ́ rẹ̀, èyí tí a fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Ẹ fà á yọ. Iná kejì wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń tàn gba inú fíìmù kọjá sísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá yọ pátákó yẹn, òkùnkùn biribiri ló máa rí nínú kọ̀ǹpútà, á sì gbà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹ nu gíláàsì, ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun bo ibi tóóró tó wà lókè gíláàsì náà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń kọ́kọ́ wọn ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀. Eruku kékeré níbẹ̀ á fa ìlà gùn láti òkè àwòrán dé ìsàlẹ̀.

Ẹ wá to fíìmù sínú férémù ike rẹ̀. Ojú méjì ni fíìmù ní, ọ̀kan ń dán, èkejì kò dán. Ojú tí kò dán ni àwòrán wà. Létí fíìmù, wọ́n kọ KODAK tàbí ILFORD síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà. Bí ẹ bá wo orúkọ yẹn tó ń kà láti ọ̀tún bọ̀ wá sí òsì, bí ìgbà tí èèyàn ń ka ìwé nínú dígí, ẹ ti mú ojú òdì kọ síra yín. Bí fíìmù bá lọ sínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò sì sọ fún kọ̀ǹpútà kó yí i padà, ọwọ́ òsì ìyàwó á di ọwọ́ ọ̀tún, ìbàmú ojú bàbá á ṣí lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, kò sì sẹ́ni tó máa lè ka àkọlé ara ògiri. Mo ti rí fọ́tò ìdílé tí wọ́n tẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀, tí àwọn ọmọ wá ń bára wọn jiyàn lórí ẹ̀gbẹ́ tí ìlà baba wọn wà.

Òdì tí iṣẹ́ yìí mọ̀ nìyẹn, ojoojúmọ́ la sì ń sọ ọ́: "Yí i padà, ó wà lódì." Bí mo bá wá ń pe fíìmù fúnra rẹ̀ ní àwòdì, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi nígbà tó bá gbé e kọjú síbi tí kò yẹ? Pé ó gbé òdì lódì? Ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tó níye lórí lẹ́nu wa ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbà, kí wọ́n lọ fi ṣe orúkọ fún nǹkan tó ti ní orúkọ.

Dúdú tó di funfun, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Fàdákà ló fà á. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà fíìmù jù ni fàdákà ti ń ṣù jọ jù, òun ló fà á tí ojú sánmà fi ń dúdú níbẹ̀ tí irun dúdú ọmọge sì ń funfun. Fàdákà yìí kan náà ni kò jẹ́ kí Digital ICE, ètò inú sikáánà tó ń pa àmì eruku rẹ́ lára àwòrán, wúlò fún fíìmù dúdú-àti-funfun. Ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú èèyàn kò rí, ni ICE fi ń wá eruku. Lára fíìmù aláwọ̀, ó ń gba inú àwọ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́, eruku nìkan ló ń dí i. Lára fíìmù àwọn ọ̀gá wa, fàdákà ló ń dí i, ẹ̀rọ á wá ka ojú èèyàn sí eruku, á máa pa á rẹ́. Ẹ pa ICE, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀.

Ọ̀gá olùkọ́ wa láti Adó-Èkìtì ní kí a kúkú lo ìyísódì. Mo júbà, ṣùgbọ́n ìyísódì ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC mọ̀ pé kò, kì í àti má ni ìyísódì. Ìṣe sì ni, kì í ṣe nǹkan tí a ń fọwọ́ mú. Bí VueScan, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń darí sikáánà, bá wá yí dúdú padà sí funfun fún mi, ṣé ìyísódì kejì nìyẹn, tàbí ìyísódì ìyísódì?

Àbúrò wa láti Kétu ní ilẹ̀ Benin mú ọ̀rọ̀ Pierre Verger wá, ayàwòrán ará Faransé tí wọ́n sọ ní Fátúmbí ní Kétu ní 1953, tí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ bíi 62,000 wà ní Salvador ní Brazil. Ó ní negativo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, èdè wọn kò sì kú. Àbúrò, ọmọ bíbí èdè Potogí ni negativo, nítorí náà kò lè jẹ́rìí fún wa. Ohun tó wúlò fún wa lára Fátúmbí ni kámẹ́rà Rolleiflex rẹ̀. Fíìmù tó ń wọ inú rẹ̀ tóbi, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, nǹkan bíi mìlímítà 56 ní ìbú àti ní òró. Irú rẹ̀ ni sikáánà pẹlẹbẹ ń ṣe dáadáa jù. Wọ́n kọ dpi 6400, ìyẹn iye àmì tíntìntín tó wà nínú íǹṣì kan, sára páálí V700, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí gan-an kò jù bíi 2300 lọ. Fún fíìmù kékeré, ìwọ̀n yẹn ń há, fún fíìmù Rolleiflex, ó ń tó ó tẹ̀ fọ́tò ńlá tí a ń gbé kọ́ sí ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ orúkọ tí mo bá lẹ́nu àgbà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ìyá ni wọ́n ń pè é. Bí oníbàárà bá sọ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ nù tó ń sunkún bọ̀, wọ́n á ní: "Má sunkún mọ́, ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi." Wọ́n á wá kọjú sí mi: "Lọ bá mi mú ìyá rẹ̀ wá." Fíìmù ni ìyá, fọ́tò orí pépà ni ọmọ, ìyá kan á sì bí ọmọ tó bá wù ú. Fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á pè é ní nẹ́gẹ́tíìfù. Àwọn méjèèjì ni mo gbà wọlé.

Ní Ìlá yìí kan náà ni Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ti rí ohun tó kọ jáde ní 1978 nípa fọ́tò ìbejì. Nígbà náà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti re ibi àgbà ń rè kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù nìkan. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, á fi nẹ́gẹ́tíìfù kan ṣoṣo yẹn tẹ àwòrán lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, Táíwò àti Kẹ́hìndé á sì jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, á wọ aṣọ ti èkejì fún ẹni tó kù, á sì tún un yà. Àwọn ìyá ìbejì a máa gbé fọ́tò náà síbi tí ère ìbejì ìbá wà nígbà yẹn. Mo ní irú nẹ́gẹ́tíìfù bẹ́ẹ̀ nínú páálí Ọ̀gá: ọmọ kan ṣoṣo, ó wọ bùbá, àga òfìfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fẹ́ kí n pe èyí ní òdì? Lẹ́nu Yorùbá, ohun tó lòdì ti ṣàìtọ́. Kí ló ṣàìtọ́ lára ọmọ yìí?

Ẹ̀gbọ́n á ní ìyá fọ́tò lè di obìnrin tó ń ya fọ́tò, bíi ìyá alákàrà. Alákàrà ní àfòmọ́ oní nínú, ẹni tó ni àkàrà ni. Ìyá fọ́tò kò ní in. Ìyá ìlù ló fara jọ, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ìyá ìlù tó ń wá obìnrin kiri. Wọ́n tún rán wa létí pé àwọn ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kí ọ̀pọ̀ wa tó dé iwájú kọ̀ǹpútà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé wọn. Èmi náà ti wà nínú yàrá òkùnkùn kí ọ̀pọ̀ yín tó mọ kẹ́míkà.

Aṣàyẹ̀wò oníbùsùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jù ú nù. Àyẹ̀wò ni ti dókítà. Ibùsùn, "bed" inú "flatbed" Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tú ní ẹyọ ẹyọ. Agfa DuoScan àtijọ́ tilẹ̀ ní ibi tí a ń ki fíìmù sí lábẹ́ gíláàsì, kó má baà fara kan gíláàsì rárá. Ibo ni ibùsùn wà níbẹ̀? Pẹlẹbẹ ti wà lẹ́nu wa tipẹ́.

Ohun tó ń kán mi lójú ni pé apá kan nẹ́gẹ́tíìfù Ọ̀gá ti ń rùn bí ọtí kíkan. Fíìmù asetéètì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti mú un, kò sì ní oògùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi sikáánà gbé wọn sínú kọ̀ǹpútà ní alaalẹ́, nígbà tí iná bá dúró dáadáa, ọ̀rọ̀ tó yé wọn ni mo sì ń wá fún wọn.

Ní ti ẹni tó ní kí a máa kọ sikáánà ní "skáànì" torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é l'Ékòó: Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀léra láìsí fáwẹ̀lì láàárín. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kó mú ọ̀rọ̀ kan wá tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń retí rẹ̀.