Re: Àfọwọ́ṣeyebíye? Èmi ò gbà jàre

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé. Ọ̀gá wa kan gbé "àfọwọ́ṣeyebíye" wá lánàá, ó ní òun la ó máa pe IKEA effect (IKEA, ilé iṣẹ́ tó ń ta àga àti tábìlì tí oníbàárà máa ń tò fúnra ẹ̀), ìyẹn bí èèyàn ṣe máa ń ka nǹkan tó fọwọ́ ara ẹ̀ tò sí ju irú ẹ̀ tó bá ní títò lọ, lẹ bá ń pàtẹ́wọ́. Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà, a ní láti tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ níwájú ẹ̀ kó tó gbà á lẹ́nu wa, irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ti ń tán lọ, ẹni tó bá ṣáà ti mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ló ń dá ọ̀rọ̀ báyìí.

À- tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bí mi nínú. Àkọsílẹ̀, àfọwọ́fà, àmúlùmálà, ohun tí a ṣe ni à- ń dárúkọ. (Ẹ má tíì mú àfọwọ́rá wá bá mi o, mo mọ̀ pé ìṣe lòun, ẹ jẹ́ ó di ọjọ́ mìíràn.) Bẹ́ẹ̀, ohun náà ò yí padà! Nínú ìwádìí tí Michael Norton, Daniel Mochon àti Dan Ariely gbé jáde ní 2012, owó tí àwọn tó to àpótí fúnra wọn fẹ́ san fi ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tó bá a ní títò lọ. Àpótí kan náà ni o. Wọ́n tún ní kí àwọn kan fi bébà ká ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́, ẹni tó ká a fẹ́ fi bíi sẹ́ǹtì 23 rà á, ẹni tó kàn ń wò ó ní 5 lòun máa san fún bébà rúdurùdu yẹn. Ojú ẹni tó ká a niyì wà, kì í ṣe ara bébà. Nítorí náà ì- la nílò, ìṣe là ń sọ.

Èmi ní ÌFÒÓGÙNDÍYELÉ. Fi òógùn díyelé. Ẹnì kan ní làálàá ló yẹ, àmọ́ èèyàn lè ṣe làálàá kíṣẹ́ má parí, àwọn tí ò sì parí tiwọn nínú ìwádìí yẹn, tàbí tí wọ́n tú u ká, ìfẹ́ yẹn ò sí mọ́. Tèmi, òógùn ti jáde tán ká tó díyelé.

Ẹni tó ní "ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀" ti sọ ọ́ tán, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ níní nìyẹn. Richard Thaler, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, ti fún ìyẹn lórúkọ tiẹ̀, endowment effect, láti 1980, àwọn olùwádìí sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́ọ̀pù lásán, wọn ò làágùn kankan, síbẹ̀ nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí àwọn tí wọn ò fún ní kọ́ọ̀pù fẹ́ san ni wọ́n ń bèèrè kí wọ́n tó tà á. Ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Àbúrò tó ní tí kò bá sí àmì, wọn á kà á bí ẹni ń díyelé oògùn: ẹ kọ́ àmì ohùn. Ẹni tó sì ní nítorí "làágùn", àágùn ló yẹ kó jẹ́, mo ti rí i, a ó jà á. Háífìn tẹ́ ẹ ní kí n fi sáàárín ìfòógùndíyelé, mi ò fi.