Ta ló ti gun afárá orí igi tó wà ní igbó Lekki rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ta
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìwé àwọn ọmọ mi fẹ́ kó wọn lọ sí igbó Lekki lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Wọ́n ní òbí tó bá fẹ́ bá wọn lọ kó forúkọ sílẹ̀, mo sì ti fi sílẹ̀ kí n tó gbọ́ pé afárá kan wà lókè igi níbẹ̀ tó ń mì. Ẹni tó bá ti débẹ̀, ẹ sọ ohun tójú yín rí. Ẹ má purọ́ fún mi o.

Báyọ̀ Múṣin
Ó ń mì.

Àdùkẹ́ Aláṣọ
Báyọ̀, o ò ṣeé bá jókòó. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi la bá lọ síbẹ̀, èmi sì wọ bàtà gogoro nítorí fọ́tò. Wọ́n ní afárá yẹn gùn tó 401 mítà. Mo ní kí ló wà nínú ìyẹn, ṣé ó ju ilé mi sí ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì lọ ni? Àṣé mítà orí ilẹ̀ yàtọ̀ sí mítà orí igi! Nígbà tí mo dé àárín, ọkùnrin kan lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè kí ìyàwó rẹ̀ lè pariwo. Èmi ni mo pariwo. Mo pe Jésù, mo pe Ànábì, mo pe ìyá mi tó ti kú láti ọdún mẹ́wàá. Padà sẹ́yìn kò ṣeé ṣe, èèyàn ti tò sẹ́yìn mi bí ẹni tó ń dúró de dáńfó. Mo bọ́ bàtà, mo sì fi ìdí wọ́ débi ìsinmi tó kàn.

Alùfáà Ìdúmọ̀tà
Ànábì kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń fi orin ìyìn ránṣẹ́ sí wa láràárọ̀ Sọ́ńdè.

Àdùkẹ́ Aláṣọ
Ẹni tó bá wà lókè igi kì í ṣa Ọlọ́run yàn, Àáfà.

Kọ́lá Tíṣà
Ẹ fi afárá sílẹ̀. Ọ̀bọ ni kí ẹ bẹ̀rù. Mo kó ọmọ kíláàsì mẹ́rin lọ síbẹ̀ rí. Ẹni tó ń mú wa kiri sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà pé ká má ṣe jẹun lójú ọ̀nà. Ọmọ kan fi púfù-púfù pamọ́ sínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò mọ bí ọ̀bọ yẹn ṣe mọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó fa síìpù àpò, ó kó púfù-púfù, ó sì fi ìwé iṣẹ́ àmúrelé sílẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún pé kí ló dé tí kò kó ìwé náà mọ́ ọn.

Báyọ̀ Múṣin
Síìpù? Ọ̀bọ ṣí síìpù? Tíṣà, ẹ rọra.

Kọ́lá Tíṣà
Ó ṣeé ṣe kí àpò náà ti wà ní ṣíṣí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó KÓ O.

Tẹ́jú Liverpool
Ẹ̀yin ń gbádùn o. Lọ́dọ̀ wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kẹ́rẹ́ làwa ń wá kiri. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú mi lọ sí Formby, létí òkun nítòsí Liverpool. Òkìtì iyanrìn ni gbogbo ibẹ̀, àwọn kan ga bí ilé. Ẹ ó gun ọ̀kan, ẹsẹ̀ yín á máa rì padà sísàlẹ̀. Lẹ́yìn òkìtì náà ni igbó igi páìnì wà. Àwọn èèyàn ló gbìn ín, torí pé afẹ́fẹ́ òkun ń gbá iyanrìn wọ inú oko. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ló ń gbé nínú rẹ̀. Àrùn kan pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní 2008, àwọn tó ṣẹ́ kù ló bí àwọn tó wà báyìí. Láàárín àwọn òkìtì, omi máa ń dúró sí ojú kòtò, irú ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ṣọ̀wọ́n nílùú náà ń yé ẹyin síbẹ̀. Òtútù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí mi. Wákàtí méjì la fi wo ọ̀kẹ́rẹ́ méjì.

Báyọ̀ Múṣin
Wákàtí méjì fún ọ̀kẹ́rẹ́ méjì. Ẹ wá sí Múṣin, ẹ ó rí eku tó tóbi jù ú lọ láìsan kọ́bọ̀.

Màmá Badagry
Igi páìnì wà níbí náà. Ṣé ẹ ò rí àwọn tó wà létí òkun ni? Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á máa súfèé.

Kọ́lá Tíṣà
Màmá, ẹ má bínú, kì í ṣe páìnì. Casuarina ni wọ́n ń pè é, ọmọ ibòmíràn ni, wọ́n kó o wá ni. Ó jọ ọ́ lójú lásán.

Màmá Badagry
Mo ti ń pè é ní páìnì láti kékeré, kò sì sọ fún mi rí pé òun kọ́.

Lánre Erékùṣù
Ẹ̀yin ará Mainland, ẹ jẹ́ kí àwa ará Island sọ̀rọ̀ nípa igbó wa.

Àdùkẹ́ Aláṣọ
Níbo lẹ ń gbé?

Lánre Erékùṣù
Ajah.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ha! Ajah! Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìsàlẹ̀ Èkó ni Island. Ìkòyí, ẹ lè bá wa jókòó. Lekki tí Ajah wà kò já kúrò lára ilẹ̀, omi kò yí i ká. Ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Ajah gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìbẹ̀jú, ẹ ò ní gun afárá kankan torí òkun.

Lánre Erékùṣù
Owó ilé wa ni Island.

Bàbá Ẹ̀pẹ́
Ẹ ti dárúkọ Ẹ̀pẹ́, ẹ jẹ́ kí n gba tiwa. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Olóyè S. L. Edu tó dá Nigerian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, sílẹ̀ ní 1980. Àwọn ni wọ́n ya hẹ́kítà 78 sọ́tọ̀ ní Lekki ní 1990. 2015 ni afárá orí igi tó ń bà yín lẹ́rù dé, kí ìyẹn tó dé, ilẹ̀ la ń rìn, lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sókè àbàtà. Mo dé apá ibẹ̀ kí àwọn ilé tó pọ̀. Bí gbogbo àgbègbè náà ṣe rí nìyẹn: iyanrìn, irà, ọ̀pẹ, ọ̀nì. Ẹ̀yin rò pé ọgbà ẹranko ni. Ohun tó ṣẹ́ kù ni.

Lánre Erékùṣù
Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dùn mí. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi búra pé ilẹ̀ gbígbẹ ni, iyanrìn tí wọ́n fọ́n sórí irà sì rèé. Lóṣù Keje tó kọjá, ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́ta ló wà nínú pálọ̀ mi.

Báyọ̀ Múṣin
Ẹ pe Formby kí wọ́n wá kó wọn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ iyanrìn náà ló ba Bar Beach, etí òkun Victoria Island, jẹ́. Àwọn òyìnbó mọ ògiri òkúta sí ẹnu òkun láàárín 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ojú omi lè wọlé. Iyanrìn tí omi ń gbé láti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, ó ń jókòó sí apá Lighthouse Beach, òkun wá ń jẹ ẹ̀gbẹ́ kejì tí Bar Beach wà. Bàbá mi máa ń fi ibi tí etí òkun wà nígbà èwe rẹ̀ hàn mí. Inú omi ló máa ń nawọ́ sí.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ta
Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ afárá ni mo béèrè. Ṣé kí n lọ ni àbí kí n má lọ?

Àdùkẹ́ Aláṣọ
Ẹ lọ. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ.

Kọ́lá Tíṣà
Ẹ sì yẹ àpò àwọn ìbejì wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kúrò nílé.

Báyọ̀ Múṣin
Ó ń mì o.