Páálí tí mo so mọ́ igi ní Tate Modern, ibo ni wọ́n kó o lọ?

Télọ̀ Peckham:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Oníbàárà mi kan ló mú mi dání lọ sí Tate Modern, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ní oṣù Kejì ọdún 2024, lálẹ́ tí wọ́n pe àlejò wá wo àwọn iṣẹ́ Yoko Ono, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Japan, kí wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 15. Èmi nìkan ni mo wé gèlè níbẹ̀. Ìyàwó John Lennon, olórin ẹgbẹ́ Beatles, ni mo mọ ìyá náà sí. Àṣé ó ti ń dá àrà tirẹ̀ kí wọ́n tó pàdé.

Mo rò pé ìran la wá wò. Rárá o! Wọ́n ní kí n gba òòlù, kí n kan ìṣó mọ́ kánfáàsì. Nínú yàrá kan, ọkọ̀ ojú omi funfun, ògiri funfun, ilẹ̀ funfun. Wọ́n ní kí n fi àwọ̀ búlúù kọ ohun tó bá wù mí, nítorí àwọn tó ń sá gba orí òkun kúrò nílùú wọn. Mo kọ "Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Fíìmù kan ló dá mi dúró. Ọdún 1965 ni, ní New York. Ìyá yìí jókòó jẹ́ẹ́ lórí pèpéle, sísọ́ọ̀sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, àwọn òǹwòran ń jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gé aṣọ lára rẹ̀. Géńdé kan gé e débi okùn kọ́mú, ó wá fi ọwọ́ bo àyà. Ọdún 29 ni mo ti ń mú sísọ́ọ̀sì. Bí òwú bá yọ lára aṣọ tí oníbàárà ti wọ̀, màá ní kó bọ́ ọ ná kí n tó gé e.

Ìbéèrè mi rèé: wọ́n ní ká kọ ohun tí ọkàn wa ń fẹ́ sórí páálí kékeré, ká so ó mọ́ igi. Mo kọ tèmi, mo fi orúkọ màámi sí i. Nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù, wọ́n lọgun láti Ìbàdàn: "O so orúkọ mi mọ́ igi? Igi ta ni?" Àfihàn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Ibo ni wọ́n kó páálí wa lọ?

Ọmọ Káfíńtà:
Àǹtí, ẹ tún gbowó ọkọ̀ lọ bá wọn kan ìṣó? Ní Mushin, ẹni tó kan ìṣó là ń sanwó fún.

Bàbá Covent Garden:
Ìwọ Káfíńtà, Lennon náà ti bá wọn jiyàn owó rí. Lọ́dún 1966, ní Indica Gallery, ó fẹ́ kan ìṣó kí wọ́n tó ṣí ilé; Ono ní kó san sílè márùn-ún. Ó ní òun á san sílè inú èrò, òun á sì kan ìṣó inú èrò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀.

Ẹ̀yin Télọ̀, aṣọ gígé yẹn, ó ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù níbí náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966 kan náà, ní Africa Centre tó wà ní King Street nígbà náà. Ilé àwa aláwọ̀ dúdú! Southwark ni wọ́n wà báyìí, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn débẹ̀ láti Tate.

Àdùkẹ́ Leeds:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Iceland ni wọ́n ń kó páálí inú igi Ono lọ, ní erékùṣù Viðey lẹ́bàá Reykjavík. Ó gbé òpó ìmọ́lẹ̀ kan kalẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 2007 ní ìrántí ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ ìbí Lennon, dé ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá tí wọ́n pa á, ìmọ́lẹ̀ yẹn máa ń yọ sójú ọ̀run lálaalẹ́. Ní Japan, nígbà tí Ono wà lọ́mọdé, ó máa ń so irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ igi nínú ọgbà tẹ́ńpìlì. Ẹ sọ fún Màmá pé kì í ṣe igi ìrókò.

Télọ̀ Peckham:
Ẹ ṣeun o. Mo ti pe màámi. Mo ní òkè òkun míì tó tutù ju tiwa lọ ni orúkọ wọn wà, lẹ́bàá iná ńlá kan. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wọn kì í mú iná lọ níbẹ̀?"